Iṣẹ́ Imú Nílé Iṣẹ́ Ọṣẹ

Àwọn tá a jọ ń gbélé ní Èbúté Mẹ́ta gbà pé ahun ni mí. Gbogbo wọn mọ̀ pé ilé iṣẹ́ ńlá kan tó ń ṣe ọṣẹ ìwẹ̀, ọṣẹ ìfọyín àti ìpara ni mo ti ń ṣiṣẹ́, lọ́nà Ijora, wọ́n sì rò pé ó yẹ kí n máa ta sánsán bí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé. Ṣùgbọ́n bí mo bá gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá láàárọ̀ tí mo ti balùwẹ̀ bọ̀, n kò ní òórùn kankan lára. Ìyá onílé wa, tí ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ nínú rẹ̀, máa ń sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn pé, "Ọṣẹ tí gbogbo Nàìjíríà fi ń wẹ̀, ẹni tó ń ṣe é ò rí i lò. Àbí ẹ ń tọ́jú tiyín pamọ́ de ọjọ́ àjíǹde ni?" Màá rẹ́rìn-ín, màá ní, "Ẹ bá mi gbàdúrà, Mà." Kí ni mo fẹ́ sọ? Bí mo bá sọ pé ọṣẹ tí kò ní òórùn ni ilé iṣẹ́ fún mi láti máa fi wẹ̀, nítorí pé imú mi ni wọ́n gbà síṣẹ́, wọ́n á ní mo tún ń fi irọ́ kún ahun.

Òótọ́ sì ni. Imú mi ni wọ́n gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ méjì ni mo kọ́kọ́ gbé débẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni mo fi dúró nídìí ẹ̀rọ tó ń di ọṣẹ. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, àwọn èèyàn ṣì ń tò sórí ìlà fún ọṣẹ, mílíìkì àti ṣúgà, àwọn nǹkan tá a ń pè ní ẹsẹ́ńkò, ẹni tó bá sì ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ ọṣẹ, àǹtí gbogbo àdúgbò ni. Ọkọ mi tó ń ṣiṣẹ́ ní rélùwéè máa ń fi mí yangàn láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé ìyàwó òun wà ní kọ́ńpìnnì. Kò mọ̀ pé ìdúró ni gbogbo iṣẹ́ náà. Ọṣẹ á máa bọ̀ lórí bẹ́líìtì, a ó máa kó o sínú páálí, bẹ́líìtì kò sì mọ ẹni tó rẹ̀. Bí mo bá fi máa délé, ẹsẹ̀ mi á ti wú bíi búrẹ́dì tí wọ́n rẹ sínú tíì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo sọ fún ọ̀gá wa nídìí ẹ̀rọ pé ọṣẹ tó ń bọ̀ ń rùn kẹrosíìnì. Ó gbé ọ̀kan símú, ó ní òun ò gbọ́ nǹkan kan. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi náà gbé e símú, wọ́n ní oorun ló ń kùn mí. Mo ya alágídí díẹ̀, n kò sì fẹ́ràn kí wọ́n máa fi mí rẹ́rìn-ín, ni mo bá mú ọṣẹ náà, mo gbé e lọ bá máníjà tó ń rí sí ìdánwò ọjà. Ọkùnrin Ìjẹ̀bú kan ni, kò tíì pé ogójì ọdún, ó kàwé rẹpẹtẹ, kì í sì sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó gbọ́ mi tán, ó rán èèyàn lọ síbi tí wọ́n ti ń se ọṣẹ. Wọ́n padà wá sọ pé lóòótọ́ ni, ẹnì kan fi kẹrosíìnì fọ páìpù, kò sì fi omi ṣàn án dáadáa. Nígbà tí mo wà ní kékeré nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ìyá mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé imú ajá ni mo ní, nítorí mo máa ń mọ ohun tí ilé kejì ń sè kí wọ́n tó ṣí ìkòkò. Imú ajá yẹn ló gbé mi kúrò nídìí bẹ́líìtì lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Yàrá kékeré kan ni wọ́n gbé mi lọ. Ó funfun báláú, kò ní kọ́tìnnì, kò sí àwòrán lára ògiri, éésì sì ń kùn nínú rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Àwa márùn-ún la wà níbẹ̀, a wọ kóòtù funfun bíi dókítà. Lójoojúmọ́ láago mẹ́sàn-án, wọ́n á gbé ọṣẹ tí wọ́n sè lánàá wá nínú sọ́sà, nọ́ńbà nìkan ni wọ́n kọ sí wọn. Ọṣẹ kan tún wà tí wọ́n ń tọ́jú sínú fíríìjì. Òun là ń pè ní màstà, nítorí òun ni gbogbo ọṣẹ yòókù gbọ́dọ̀ jọ. Wàá gbóòórùn màstà, wàá gbóòórùn ọṣẹ tuntun, lẹ́yìn náà wàá fi imú sí kọ̀rọ̀ ìgbọ̀nwọ́ ara rẹ kí imú lè sinmi. Òórùn ara ẹni ló ń fọ imú mọ́, ìdí nìyí tí wọn kò fi fẹ́ kí ọṣẹ olóòórùn kan wá lára. A kò gbọ́dọ̀ jẹ àlùbọ́sà tàbí obì láàárọ̀. A kò gbọ́dọ̀ fi lọ́fínńdà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà nínú wa tó fẹ́ràn fáàrí, kò lè ṣe kó má fi díẹ̀ sẹ́yìn etí, ojoojúmọ́ la sì ń lé e jáde pé kó lọ fọ ọrùn rẹ̀ kó tó wá jókòó.

Ẹni tó dàgbà jù nínú wa ni ọkùnrin kan tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni, díákónì ni nínú ìjọ rẹ̀, ó sì ti ń di ọṣẹ nílé iṣẹ́ náà kí n tó jáde ilé ìwé. Èmi àti òun la jọ ń lo tábìlì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Òun ló kọ́ mi pé kí n jẹ́ kí òórùn wá bá mi, kí n má ṣe máa fà á símú bí ẹni tó ń fa áásà, nítorí ẹni tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, á ti rẹ imú rẹ̀ kó tó dé sọ́sà kẹta. "Ọmọ mi" ló ń pè mí, ó sì máa ń bi mí léèrè ọmọ àti ọkọ kí a tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Wọ́n sọ fún mi pé láyé àtijọ́ nínú yàrá yẹn, ẹnu ni wọ́n fi ń sọ bí ọṣẹ ṣe rí. Bàbá ló máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nítorí òun ni àgbà. Bí Bàbá bá ti ní ó dáa, ó parí nìyẹn. Ta ló máa la ẹnu níwájú gbogbo èèyàn pé ọṣẹ tí Bàbá ní ó dáa kò dáa? Máníjà wo ọ̀rọ̀ náà títí, ó bá ní kí wọ́n kan àpótí kan, kí kálukú máa kọ tirẹ̀ sí káàdì, "bákan náà" tàbí "ó yàtọ̀", kó má kọ orúkọ sí i, kó jù ú sínú àpótí. Ó rò pé òun ti yanjú ọ̀rọ̀ àgbà àti ọmọdé. Kò mọ̀ wá tó.

Bàbá ní ìwà kan. Bí ọṣẹ kan bá yàtọ̀ sí màstà, ó máa ń húkọ́ kékeré kan kó tó kọ ọ́ sílẹ̀, irú ikọ́ ẹni tó fẹ́ dìde sọ̀rọ̀ níwájú ìjọ. Ó pẹ́ tí mo ti kíyè sí i. Èmi á ti mọ ohun tí mo fẹ́ kọ, màá wá gbọ́ ikọ́ yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, inú mi á dùn pé ohun tí imú mi sọ ni imú àgbà sọ. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn. N kò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ kó yé ẹlòmíràn. Wọ́n á dá ẹ̀rọ tó tóbi ju ilé wa lọ dúró, ọkùnrin tó ń ṣe é á gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, á máa retí ohun tí imú mi máa sọ.

Ọdún kan wá dé tí ọyẹ́ mú ju bó ṣe máa ń mú lọ. Ọ̀fìnkìn dá mi dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, nígbà tó sì máa lọ, ó kó gbogbo òórùn lọ. Ìyá onílé ló jẹ́ kí n mọ̀. Mo kẹ́yìn sí ìkòkò ẹ̀wà, mò ń di irun ọmọ mi obìnrin, ni mo gbọ́ tó ń gbá ilẹ̀kùn pé ṣé a fẹ́ jó òun mọ́lé ni. Mo yíjú, mo rí èéfín. Mo gbé ìkòkò kalẹ̀, mo ṣí àpótí aṣọ, mo ti imú bọ àárín káfúrà. N kò gbọ́ nǹkan kan. Mo fi imú sí àtàrí ọmọ mi, níbi tí mo ti máa ń gbóòórùn àdí àgbọn àti òógùn eré. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ náà. Mo bú sẹ́kún. Ọmọ náà rò pé ẹ̀wà tó jóná ló ń dùn mí, ó ní, "Mọ́mì, ẹ má sunkún mọ́, ẹ jẹ́ ká mu gààrí."

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù kò lọ́jú pọ̀: bí máníjà bá mọ̀, n ó padà sídìí bẹ́líìtì. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ tó ń wú nìkan. Fún ọdún mẹ́fà, ọwọ́ méjì péré ni mo jẹ́ nílé iṣẹ́ yẹn, ọwọ́ ẹlòmíràn ì bá sì ṣe é. Nínú yàrá funfun yẹn ni ẹnì kan ti kọ́kọ́ bi mí pé kí ni mo rò. N kò ṣe tán láti padà di ọwọ́. N kò lọ sí kílíníìkì ilé iṣẹ́, nítorí ohun tí nọ́ọ̀sì ibẹ̀ bá mọ̀ láago mẹ́jọ, káńtíìnì á ti gbọ́ láago méjìlá. Oníkẹ́míìsì kan ní Yábàá ni mo lọ bá. Ó fún mi ní òògùn tí mo máa kán símú, ó ní kí n mú sùúrù, pé ẹlòmíràn máa ń lo oṣù kan, ẹlòmíràn oṣù mẹ́ta. Mo bi í pé ẹlòmíràn ńkọ́? Ó kàn sọ èjìká.

Ni mo bá gbára lé ikọ́ Bàbá. Màá gbé ọṣẹ símú bí ìṣe mi, màá fi imú sí ìgbọ̀nwọ́, màá di bíírò mú, ọwọ́ mi á dúró lórí káàdì, gbogbo ara mi á di etí. Bí ó bá húkọ́, màá kọ "ó yàtọ̀". Bí kò bá húkọ́, "bákan náà". Ìṣòro ibẹ̀ ni pé gbogbo Èkó ló ń húkọ́ lásìkò yẹn. N kò mọ ikọ́ eruku yàtọ̀ sí ikọ́ iṣẹ́. Ó tún wá jọ pé Bàbá náà ń pẹ́ lórí sọ́sà kọ̀ọ̀kan ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn mẹ́ta yòókù á ti kọ tiwọn tán, wọ́n á máa wo àjà, èmi àti Bàbá á ṣì jókòó síbẹ̀, kálukú gbé bíírò sókè. Mo rò pé ara tó ń dàgbà ni.

Ọjọ́ Ẹtì ni máníjà máa ń dán wa wò. Á fi ọṣẹ tó mọ̀ pé ó yàtọ̀ sáàárín àwọn yòókù, á wá wo ẹni mélòó ló mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ Ẹtì kẹta, ó to káàdì márààrún sórí tábìlì, ó dúró, ó ń wò wá.

"Ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí káàdì méjì nínú márùn-ún ti ń ṣì í," ó ní. "Mi ò mọ àwọn tó ni ín, mi ò sì fẹ́ kí ẹ tọ́ka sí ẹnikẹ́ni. Tó bá di Mọ́ńdè, màá pè yín wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí imú rẹ̀ ò bá ṣiṣẹ́ á padà síbi tá a ti mú un. Kì í ṣe ìjà o. Ọṣẹ yìí, àwọn èèyàn ń fi wẹ ọmọ."

Mo mọ ẹni tó ni ọ̀kan nínú káàdì méjì yẹn. Ẹni tó ni èkejì ni n kò mọ̀. Mo wo ọ̀dọ́mọkùnrin onílọ́fínńdà, ó dá mi lójú pé òun ni, mo sì bínú sí i tọkàntọkàn, bí ẹni pé òun ló fún mi ní ọ̀fìnkìn. Bí ọkàn èèyàn ṣe rí nìyẹn. Ti Bàbá kò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn. Mo gbà pé Bàbá ń mọ̀ ọ́n, pé èmi ni etí mi ń ṣi ikọ́ rẹ̀ gbọ́.

Lọ́sàn-án Sátidé, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ọkọ mi. Ó ń fi ọ̀rá pa bàtà iṣẹ́ rẹ̀, kò sì gbójú sókè títí mo fi parí ọ̀rọ̀. Ó wá ní, "Ṣé o fẹ́ kí wọ́n lé ọ jáde nínú yàrá yẹn ni, àbí o fẹ́ fi ẹsẹ̀ ara rẹ jáde?" Inú bí mi sí i. Mo ní rélùwéè ò ní ohun tí wọ́n ń fi imú ṣe, kó jẹ́ kí n ronú. Ṣùgbọ́n gbogbo ọjọ́ Àìkú ni ọ̀rọ̀ náà fi ń yí nínú mi. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, ó sì ti rẹ̀ mí.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo wọ bọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́ tó kọ́kọ́ gbéra ní Ọ̀yìngbò, mo dé ọ́fíìsì máníjà kí ẹlòmíràn tó dé. N kò jókòó. Mo ní imú mi ti kú láti ìgbà ọyẹ́, pé mo kàn ń kọ ohun tó bá wù mí sí káàdì. N kò dárúkọ ikọ́ ẹnikẹ́ni. Kí ló kan àgbàlagbà nínú ọ̀rọ̀ náà?

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́ látìgbà yẹn, Màdáàmù?"

"Ẹ̀rù ló bà mí, sà."

"Ẹ̀rù èmi?"

"Ẹ̀rù bẹ́líìtì, sà."

Ó ní bí imú mi bá padà, kí n wá kan ilẹ̀kùn òun, òun á dán mi wò. Ó tún béèrè bóyá mo mọ ẹni kejì. Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n, òótọ́ sì ni mo sọ. Mo bọ́ kóòtù funfun, mo ká a dáadáa, mo gbé e lé orí àga, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sídìí ẹ̀rọ. Àwọn obìnrin ibẹ̀ sún fún mi láàyè láìbéèrè nǹkan kan. Inú mi bàjẹ́ gidigidi, ṣùgbọ́n mo sinmi, nítorí n kò ní láti fetí sí ikọ́ ẹnikẹ́ni mọ́.

Ọṣẹ aláwọ̀ ewé kan là ń dì lọ́jọ́ náà, tuntun ni, kò tíì ju ọdún méjì lọ tí ilé iṣẹ́ gbé e jáde. Ó kù díẹ̀ kí aago mọ́kànlá lù nígbà tí mo rí Bàbá tó ń bọ̀ láàárín àwọn ẹ̀rọ, ó mú fìlà lọ́wọ́, kò wọ kóòtù funfun. Ẹnì kan sáré gbé àpótí fún un. Ó jókòó tì mí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í to ọṣẹ sínú páálí.

"Bàbá! Kí lẹ wá ṣe níbí?"

"Ohun tó gbé ọ wá ló gbé mi wá."

Mo rò pé àánú mi ló ṣe é. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ padà lọ. Èmi ni imú mi kú. Láti ìgbà ọyẹ́, ikọ́ yín ni mo ń gbọ́ kí n tó kọ káàdì."

"Ikọ́ mi?"

"Ẹ máa ń húkọ́ bí ọṣẹ bá yàtọ̀."

Ó to ọṣẹ títí páálí iwájú rẹ̀ fi kún. "Ọmọ mi," ó ní, "ó ti lé ní ọdún mẹ́ta tí mi ò gbóòórùn nǹkan kan mọ́. Àìsàn kan ló ṣe mí, àtìgbà náà ni. Ọwọ́ rẹ ni mo máa ń wò. Bí ọṣẹ bá dáa, kíá lo máa ń kọ ọ́. Bí kò bá dáa, ọwọ́ rẹ á kọ́kọ́ dúró, èmi náà á wá mọ̀. Ikọ́ yẹn, ẹ̀rù Ọlọ́run ni. Díákónì tó ń fi irọ́ dá ọṣẹ lẹ́bi, ṣé ọ̀fun rẹ̀ ò ní gbẹ? Àmọ́ látìgbà ọyẹ́ yìí, ọwọ́ rẹ ń dúró lórí gbogbo ọṣẹ. Mo mọ̀ pé gbogbo wọn ò lè bàjẹ́ tán, mo bá ń mú èyí tó bá wá sí mi lọ́kàn."

Mo ti ń dúró de ikọ́ rẹ̀, òun náà ti ń dúró de ọwọ́ mi, ọṣẹ sì wà láàárín wa.

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi sọ ọ́ lónìí, Bàbá? Ọdún méjì péré ló kù kí ẹ fẹ̀yìn tì."

"Mo wọlé láàárọ̀, mo rí àga rẹ, ó ṣófo. Ta ni kí n máa wò?"

Mo bú sẹ́rìn-ín, mi ò lè mú un mọ́ra. Òun náà rẹ́rìn-ín, ìyẹn sì di ikọ́ sí i lọ́rùn, ikọ́ eruku tòótọ́. Nígbà tó sinmi tán, ó mú ọ̀kan nínú ọṣẹ aláwọ̀ ewé náà, ó gbé e símú bí ìṣe rẹ̀, ó sì sọ ọ́ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́.

"Ọṣẹ yìí," ó ní, "ọdún méjì gbáko ni mo fi ń kọ ọ́ pé ó dáa. Báwo ni òórùn rẹ̀ ṣe rí?"

Omi lé sí mi lójú. Mo mú ọ̀kan, èmi náà gbé e símú, n kò sì gbọ́ nǹkan kan. Mo wá a láti inú ohun tí mo rántí.

"Ó jọ ewé ọsàn wẹ́wẹ́ tí èèyàn fọwọ́ rún, Bàbá. Tó bá wá pẹ́ lára, á dà bí aṣọ tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ká nínú oòrùn."

Ó tún gbé ọṣẹ tó sọ kalẹ̀.

"Ó dáa nígbà náà," ó ní, ó sì fi í sínú páálí.